Fíríìjì Ẹni Tó Ń Padà Sílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n lánàá ni ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ síbí pé òun fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi ìlú sílẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ní ẹ má tíì rà á. Ẹ ka èyí tán ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, sikiọ́ríti ni mí. Ilé alájà mẹ́sàn-án kan ní Al Qusais ni mo ń ṣọ́ nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo ga, mo sanra, irùngbọ̀n mi kún, àwọn èèyàn a sì máa rò pé mo láyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Bí ológbò bá bẹ́ láti inú dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí, inú ilé ni mo máa kọ́kọ́ sá wọ̀, kí n tó wá béèrè pé ta nìyẹn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, crash ti dé. Ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé, àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dúró sójú kan, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ní ilé tí mò ń ṣọ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìdílé kan kì í kó ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ìyá á wọ awò dúdú kí a má baà rí ojú rẹ̀. Bàbá á máa dibọ́n bíi pé fóònù lòun ń tẹ̀. Èmi ni mo máa ń di lift mú fún wọn. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi nígbà yẹn pé òun ń padà sílé, ẹ̀rí wo ni mo tún fẹ́ béèrè?

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó mi, Ìyá Rónkẹ́, gba visit visa oṣù méjì wá bá mi. Ọdún mẹ́fà la ti fi fóònù ṣe lọ́kọláya. Mo kúrò ní bedspace tí àwa mẹ́fà jọ ń sùn, mo gba yàrá kékeré kan fún oṣù méjì náà, mo tún ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ní àtọ̀gbẹ. Insulin, abẹ́rẹ́ oògùn rẹ̀, ló ń gún sára láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló dáwó jọ ra gbogbo èyí tó máa lò. Wọ́n kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó sì gbé e lé itan láti Èkó dé Dubai bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Insulin ò fẹ́ ooru. Tó bá ti gbóná, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin náà sì mọ ooru ìlú yìí. Fíríìjì kan ṣoṣo ló wà ní kíṣìnì tí gbogbo ilé ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ se ìrẹsì á kàn yọ wáyà rẹ̀, á sì gbàgbé. Mo ní èyí ò lè ṣeé ṣe. Ìyàwó mi gbọ́dọ̀ ní fíríìjì tirẹ̀ nínú yàrá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kúkú wọ bàálù padà kí n má baà pa á.

Ni mo bá lọ sí cybercafé, mo wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ta àlòkù fúnra wọn. Mo rí ìpolówó kan. Wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé OWNER LEAVING COUNTRY. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ìdílé ń padà sílé, fíríìjì kékeré, wọn ò tíì lò ó pé ọdún. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tún kọ NO DEALERS PLEASE sí. Gbólóhùn yẹn ló pa mí. Mo ní ẹ wo èèyàn gidi, kò fẹ́ kí àwọn oníṣòwò fi ìṣòro òun jẹun. Ìwé mẹ́fà mà lè ṣe èèyàn níkà o.

Mo pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní Tony lorúkọ òun, Discovery Gardens ni òun wà, Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ń lọ. Ará ìlú wo ni? Mi ò ní sọ. Gbogbo ìlú ló ní irú rẹ̀. Mo ní, "Sorry o, sir." Ó ní, "It is life, my brother."

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ, èmi àti onípickup kan. Mo wọlé, ọkàn mi bàjẹ́. Kò sí kọ́tìnnì, kò sí àga. Báàgì onítáyà mẹ́ta ló tò sí ẹnu ọ̀nà, bàtà pupa kékeré ti ọmọbìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fíríìjì náà nìkan ló dá dúró láàárín pálọ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ó ṣí i, òtútù fẹ́ sí mi lójú. Ó dárúkọ iye tó fẹ́.

Ó yẹ kí n ná an, àbí? Ọmọ Yorùbá tí kò ná ọjà ńkọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa ń ná ọjà ẹni tí nǹkan ṣe? Bí ẹni wọ ilé ọ̀fọ̀ tó ń béèrè ẹran ni. Iye tó pè ni mo san. Mo tún wá mú owó díẹ̀, mo ní kó fi ra bisikíìtì fún ọmọ. Ó ní rárá. Mo fi tipá kì í bọ̀ ọ́ lápò, bí a ti ń ṣe é nílé. Ó wo ọwọ́ mi bíi pé mo fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.

Ibí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Báàgì tó tóbi jù dí ọ̀nà tí fíríìjì máa gbà jáde. Mo ní kò yẹ kí ẹni tó ń rìnrìn àjò máa gbé ẹrù ara rẹ̀ níṣojú mi. Mo tẹ̀ ba, mo fún ìdí mi pọ̀, mo gbé báàgì náà pẹ̀lú gbogbo agbára. Báàgì bá fò sókè, díẹ̀ ló kù kó gbá mi nímú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfìfo.

Ẹlòmíràn á ti mọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí orí tèmi sọ fún mi? Ó ní àwọn èèyàn yìí ti tán débi pé wọn ò ní aṣọ tí wọ́n máa dì. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé ọwọ́ lé báàgì òfìfo, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run kún un, kí ọ̀nà wọn là, kí wọ́n má ṣe pàdé aburú. Tony ń wolẹ̀. Ó ṣe Àmín mẹ́ta. Onípickup náà ṣe Àmín, ó sì jẹ́ ẹlẹ́sìn míràn.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, òun náà sunkún. Ó yọ ìró tuntun kan nínú ẹrù rẹ̀, ó dì í pẹ̀lú gààrí àti kúlíkúlí, ó ní ká fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ọkùnrin náà kí wọ́n tó lọ. Samuel ló máa gbé e lọ. Àbúrò mi kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ṣe sikiọ́ríti ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai Marina, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Discovery Gardens. Ó ní òun á lọ ní Ọjọ́rú. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó ráyè.

Ọjọ́rú kan náà ni fíríìjì ò kùn mọ́. Iná inú rẹ̀ ṣì ń tàn. Ìyàwó mi ní ohun tó dára kì í pariwo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni mo mọ̀?

Láti Ọjọ́bọ̀ ni òùngbẹ ti ń gbẹ ìyàwó mi. Ó mu omi títí, ó ń lọ ilé ìtọ̀ títí. A ní ooru ni. Ní àárọ̀ Ẹtì, ó ní òun ń rí mi ní méjì. Mo fẹ́ ṣe àwàdà pé ọ̀kan ò tó o ni, ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀, àwàdà kú sí mi lẹ́nu. Táásì ló gbé wa dé clinic. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nọ́ọ̀sì pe dókítà, dókítà ò rìn, sísá ló sá wá. Wọ́n fa omi sí i lára.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé níbo la ń tọ́jú oògùn sí. Mo ní inú fíríìjì. Ó ní kí n lọ gbé e wá. Nígbà tó fọwọ́ kan ìgò náà tó rí i pé ó ti gbóná, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Sir, this one is finished." Ó gbé ìgò kejì, ìkẹta, gbogbo rẹ̀. Gbogbo ohun tó gbé lé itan láti Èkó.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Samuel pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òní ni mo ráyè. Mo rò pé wọ́n ti lọ, mo kàn ní kí n kan ilẹ̀kùn wò ni. Fíríìjì mélòó ni ọkùnrin yìí ní?"

Mo ní ẹyọ kan, ó sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Fíríìjì kan wà níbí o, láàárín pálọ̀. Báàgì mẹ́ta, bàtà pupa. Ó ní Ọjọ́bọ̀ làwọn ń lọ."

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀ àná?"

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ clinic, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù mi. Ẹnì kan rò pé aláìsàn ni mí, ó fún mi lómi.

Samuel mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ó wá nọ́ńbà Tony lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì pè mí wá wo ohun tó rí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ: opó kan ló ń tà á, ó ń padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ: aboyún ni, ó fẹ́ lọ bímọ sílé. Kẹ̀kẹ́ arọ: bàbá wọn ló kú. Táìlì ilẹ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo fọ́tò, nọ́ńbà fóònù kan náà. Nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀dì ọmọ, bàtà pupa yẹn wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló sì kọ ọ́ pé àwọn ò fẹ́ dealer.

Dealer ló ń kọ ọ́ pé òun ò fẹ́ dealer!

Ẹ ó rò pé mo bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tí a bá lọ bá wọn jà, wọ́n á pe ọlọ́pàá, wọ́n á gba Emirates ID mi, ọ̀gá mi á gbọ́, ó parí. Àwọn ará bedspace mi àtijọ́ ti tú àpò wọn, wọ́n ra insulin míràn fún wa, a kó o sínú kúlà, mo ń ra yìnyín láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, yìnyín á ti di omi. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé a ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ò bá rí fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ó di dandan kó padà sílé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré nínú oṣù méjì wa. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, mo sọ fún un pé ká fi ìjà fún Ọlọ́run.

Ó wò mí. "Bàbá Rónkẹ́, ṣé Ọlọ́run ló ta fíríìjì fún yín?"

Ó dìde, ó yí fíríìjì náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó sì pè mí. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ 217 síbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fíríìjì ilé rẹ̀? Ilé wo ló ní fíríìjì igba ó lé?"

A lọ sí Discovery Gardens, àwa mẹ́ta. Samuel ti pe Tony bíi pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀yìn Samuel ni mo wà. Samuel tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ẹ ò rí ibi tí mo fara pamọ́ sí? Ìyàwó mi kọjá lára wa, ó wọlé, ó jókòó lé báàgì ńlá yẹn. Báàgì rún wọlẹ̀, ó sì bá a lọ sílẹ̀. Kò dìde. Ilẹ̀ ló jókòó sí tó na ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú pílásítà clinic lára rẹ̀.

Ó ní, "Oga, you dey travel, abi you no dey travel?"

Tony wo pílásítà. Ó wo èmi náà lẹ́yìn Samuel, ó sì dá mi mọ̀, nítorí ó ń wá ibi tó máa fojú sí. Ìyàwó mi ṣàlàyé insulin fún un, kò pariwo. Nígbà tó parí, Tony jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sọ, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun lóòótọ́, ìyàwó òun àti ọmọ òun sì lọ lóòótọ́, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọ òun ló ni bàtà pupa. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Sharjah, tó ń ta àlòkù, ló wá ra ẹrù ilé àwọn. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń wò bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ra èyí tó kù, tí wọn ò ná an, tí wọ́n ń dì mọ́ òun. Ọkùnrin náà wá sọ fún Tony pé kó má lọ mọ́. Òun á máa san ilé, òun á ṣe visa fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa "lọ" lójoojúmọ́. Tony ní, "Since that day, madam, I am always leaving."

Samuel bi í pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù ò tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rà á ní ṣọ́ọ̀bù á gba rìsíìtì, á gba gárántì, á sì gbé e padà tó bá bàjẹ́. Ta ló máa gbé fíríìjì padà fún ẹni tó ti wọ bàálù lọ?

Ó wọ yàrá, ó gbé ìró ìyàwó mi tí Samuel fún un jáde pẹ̀lú gààrí, kò tíì tú u. Ó fẹ́ dá a padà. Ìyá Rónkẹ́ ní kó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, àti pé bó bá lè gbàgbé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó lọ lóòótọ́, kó lọ bá wọn. Tony kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà sínú ìwé fún wa. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká má sọ pé òun ni.

Ní Sharjah, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù, a rí ṣọ́ọ̀bù náà. Ibi iṣẹ́ ni mo ti bọ̀ tààrà, yúnífọ́ọ̀mù wà lọ́rùn mi. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù rí mi, ó dìde fùú, ó ní, "Welcome, officer." Ẹ̀yin ará, ọ̀nà ti là. Ìjọba ló rò pé ó dé. Ẹlòmíràn á kàn ti fún ojú pọ̀. Èmi? Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á sọ pé mo pe ara mi ní ọlọ́pàá. Mo sáré ní, "No sir, no sir, only watchman." Samuel pa ojú dé. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù padà jókòó, ó gbé tíì rẹ̀.

Ó ní òun ò mọ ohun tí à ń sọ. A ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, ká lọ bá ẹni náà. "Private sale, habibi. Not my problem."

Ìyàwó mi ti fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń rìn láàárín àwọn fíríìjì, ó ń yọjú sẹ́yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ọmọ rẹ̀ lójúde ilé ìwé. Ó wá dúró. Ó pè mí, kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ọ̀dà pupa kan náà. Ọ̀kan ni 216. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 218. Àlàfo kan wà láàárín wọn, eruku onígun mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ níbi tí nǹkan ti dúró.

Ó ní kí n túmọ̀ fún ọ̀gá pé 217, tí ẹni tó ní òun ń fi ìlú sílẹ̀ tà fún wa, wà nílé òun, ó ti kú, díẹ̀ ló sì kù kó mú òun dání lọ. Mo túmọ̀ ẹ̀. Àwọn oníbàárà mẹ́rin tó wà níbẹ̀ yíjú sí wa. Obìnrin kan tó ti fẹ́ sanwó fún ẹ̀rọ ìfọṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ padà sínú pọ́ọ̀sì. Ó bi ọ̀gá pé ṣé ibí ni òun á gbé e wá tó bá bàjẹ́, àbí òun á lọ máa wá ẹnì kan ní pápákọ̀ òfurufú?

Ọ̀gá wo owó tó ń padà wọnú pọ́ọ̀sì. Ó ní, "Khalas," ìyẹn ni pé ó tó. "Yalla, take 218." Mo ti gbá a mú kó tó sọ̀rọ̀ tán, kó má baà yí ọkàn padà. Ìyàwó mi ní kí n gbé e sílẹ̀, ká kọ́kọ́ gba rìsíìtì. Ó sì dúró tì í títí wọ́n fi kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti gárántì oṣù mẹ́ta sí i.

218 ṣiṣẹ́. Ìyá Rónkẹ́ lo oṣù méjì rẹ̀ pé.

Ǹ bá dúró síbẹ̀ kí ẹ kàn yìn wá, ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù kò tíì jáde. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a gbé 218 wálé, obìnrin kan láti àjà kẹrin ilé tí mò ń ṣọ́ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó gbé bùléńdà dání. Ó ní àwọn ń lọ lọ́la, ṣé mo fẹ́ rà á fún madam mi. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo béèrè rìsíìtì. Mo bi í pé ẹ̀rí wo ló wà pé ó ń lọ lóòótọ́.

Obìnrin tí mo ti ń kí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, "Uncle, you also?" Ó gbé bùléńdà rẹ̀, ó padà sínú lift. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù sọ̀kalẹ̀, ó kọjá níwájú tábìlì mi, kò kí mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí àwọn oníṣòwò yẹn jí gbé lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn. Fíríìjì, a gbà á padà.

Torí náà, èyí ni mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù. Ẹ wá nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún bóyá ó ń ta nǹkan mẹ́wàá níbòmíràn. Ẹ béèrè ìwé tí òun náà fi rà á. Ẹ yí ọjà náà sẹ́yìn, ẹ wò ó. Ẹ yẹ ọjà wò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má yẹ ẹkún èèyàn wò bí mo ti ṣe.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ tí kò lọ? Àti ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìlú kan sílẹ̀ rí, tí ẹ ta ẹrù yín, tí ẹnì kan sì wò yín bí olè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín jù. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bóyá obìnrin àjà kẹrin á kà á.